Curt Bois, aláwàdà tí wọ́n lé sẹ́yìn odi

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1940, wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù kan han èrò ní ilé sinimá Ufa-Palast am Zoo ní Berlin. Der ewige Jude ni wọ́n pe fíìmù náà, Fritz Hippler ló sì darí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba Násì fi rán an ni pé kí ó mú kí ará Jámánì kórìíra Júù débi tí àánú wọn kò fi ní ṣe é mọ́. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n ti já ègé kékeré kan láti inú fíìmù àwàdà ọdún 1927, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra wọn: ọkùnrin tín-ín-rín kan wọ aṣọ obìnrin, ó ń jó, ó ń jùdí, ó ń ṣẹ́jú. Wọ́n gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìwà ìbàjẹ́ Júù.

Curt Bois ni ọkùnrin náà. Ọdún 13 ṣáájú, ijó yìí gan-an àti aṣọ yìí gan-an ni àwọn ará Berlin fi owó wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wò, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wọ́n. Kí ọkùnrin wọṣọ obìnrin dẹ́rìn-ín pa ènìyàn ti wà lórí ìtàgé Yúróòpù tipẹ́tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ti Júù ni. Òun fúnra rẹ̀ kò sí nítòsí láti gbèjà ara rẹ̀. Amẹ́ríkà ló wà, tó ń jìjàkadì fún ipa kéékèèké nínú fíìmù tí ẹlòmíràn jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀.

Mo fẹ́ ro ẹjọ́ ọkùnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí Hitler lé nílùú, àwọn bí Einstein ni orúkọ wọn máa ń kọ́kọ́ jáde, àwọn onímọ̀ ńlá àti àwọn òǹkọ̀wé ńlá. Aláwàdà kì í sáábà wọ inú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, mi ò mọ iṣẹ́ tí ìléjáde ń pa lára tó tiẹ̀. Ẹni tó ń ta fáólìnì lè gbé fáólìnì rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, kó dé New York, kó sì ta orin tó ń ta tẹ́lẹ̀. Aláwàdà kò ní ohun kan tó lè dì sínú àpótí. Èdè ni ohun èlò rẹ̀, àti ohun tí òun àti èrò ìwòran jọ mọ̀: òwe àdúgbò, orúkọ òpópónà, irú ọ̀gá tí gbogbo ìlú ń sá fún, bí ọmọ ọjà ṣe ń fà á lẹ́nu. Ibi tí èdè àti ìmọ̀ náà bá pin sí, ibẹ̀ ni ẹ̀rín pin sí.

Berlin ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 1901. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tó dé iwájú kámẹ́rà, ní 1907, nígbà tí fíìmù fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun ìṣeré tuntun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí iṣẹ́. Ní àkókò yẹn náà ni wọ́n gbé e sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí Heinerle, ọmọdékùnrin inú eré olórin Der fidele Bauer tí Leo Fall kọ orin rẹ̀. Ní 1909, ó ṣe fíìmù kékeré kan tí wọ́n pè ní Klebolin klebt alles, tí gbogbo àwàdà inú rẹ̀ dá lórí gúlúù tó ń lẹ nǹkan gbogbo pọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ ìtàn fíìmù Jámánì máa ń kà á mọ́ àwọn ọmọdé tó kọ́kọ́ di ìràwọ̀ fíìmù. Ilse, arábìnrin rẹ̀, náà wà nínú iṣẹ́ eré. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ yìí kò mọ ayé mìíràn: orí pákó ìtàgé ló ti dàgbà.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa ni fíìmù Ernst Lubitsch ti 1919 tí wọ́n ń pè ní Die Austernprinzessin. Kò sí ohùn nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin olówó Amẹ́ríkà kan ń ṣe ìgbéyàwó, ilé kún, àsè kún, ni ijó foxtrot bá bẹ́ sílẹ̀ bí àjàkálẹ̀ àrùn. Bois ni adarí ẹgbẹ́ olórin. Kò ju ọmọ ọdún 18 lọ. Ó dúró sójú kan, kò rin ìrìn kankan, àmọ́ ìdí rẹ̀ kò dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ń darí olórin, ìdí rẹ̀ ń darí èrò. Láàárín àwọn olórin, ẹnì kan ń fi ayùn rẹ́ igi, wọ́n sì ń gbá ẹnì kan létí bí ẹni ń lù bẹ̀ǹbẹ́, lórí ìlù gẹ́ẹ́. Láti gbọ̀ngàn dé ilé ìdáná, àlejò ń jó, agbáwo ń jó, alásè ń jó. Fíìmù tí kò ní ohùn ni, síbẹ̀ ó ń ṣe ẹni bíi pé ó ń gbọ́ orin náà. Ẹ̀bùn tó wà lára rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀bùn yìí nìkan ni wọn kò sì rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yá.

Ní àwọn ọdún 1920, ó dé gbogbo ibi tó yẹ kí òṣèré Berlin dé. Ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Max Reinhardt, ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Erwin Piscator, àwọn olùdarí eré ìtàgé, ó sì ń ṣe àwàdà àti orin nínú àwọn ilé kabaret tí Berlin fi lókìkí nígbà náà. Fíìmù 1926 àti ti 1927 tó fi ṣe òṣìṣẹ́ nílé ìtajà aṣọ, Der Jüngling aus der Konfektion àti Der Fürst von Pappenheim, ló sọ ọ́ di ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń wà lókè pátákó. Inú ti 1927 yìí ni àwọn Násì ti lọ jí ijó rẹ̀. Ní 1932, ó darí fíìmù kékeré kan fúnra rẹ̀. Ẹni ọdún 31 ni, ó ti lo ọdún 25 lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là fún un láti di olùdarí.

Ni ọdún 1933 bá dé. Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ni Hitler gorí àga. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, Goebbels, mínísítà ìpolongo Hitler, pe àwọn onífíìmù jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Kaiserhof, ó sọ ohun tí ìjọba tuntun ń fẹ́ fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Ufa, tó tóbi jù lọ ní Jámánì, jókòó, wọ́n sì pinnu láti fòpin sí àdéhùn iṣẹ́ àwọn Júù tó wà lọ́dọ̀ wọn. Kò tíì sí òfin kankan tó fipá mú wọn nígbà náà. Wọ́n kàn fẹ́ràn àǹfààní ara wọn ni. Mo máa ń dúró síbi yìí tí mo bá ń ka ìtàn náà, torí ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi lé Hitler lórí, ká gbàgbé àwọn tó wọ kóòtù àti táì, tí wọ́n fi kálámù lé ẹni tí wọ́n ti ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ni òfin wá dé: ẹni tó bá fẹ́ ṣeré, kó kọrin tàbí kó ṣe fíìmù gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀, wọn kì í sì í gba Júù sínú rẹ̀.

Bois kò dúró dìgbà tí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó fi Berlin sílẹ̀, ó gba àwọn ìlú mìíràn ní Yúróòpù kọjá, ó sì dé New York ní 1934.

Ìpinnu yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ yìí fún mi, torí ọ̀pọ̀ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Aláwàdà tó ń fi èdè Jámánì jẹun, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ èdè Jámánì ló máa wá lọ. Vienna wà níbẹ̀, Zürich wà níbẹ̀, Prague náà ní èrò tó ń gbọ́ ọ. Ní Amsterdam, àwọn ogúnléndé pọ̀ tó láti kún ilé ìṣeré kékeré. Gbogbo ènìyàn ló rò pé wèrè yìí kò ní pẹ́ kásẹ̀ ńlẹ̀, pé ọdún kan, ọdún méjì, a ó padà sílé. Ẹ wo bó ṣe parí fún wọn. Paul Morgan wà ní Vienna nígbà tí Hitler gba Austria ní 1938. Wọ́n mú un, ó sì kú ní àgọ́ Buchenwald nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Fritz Grünbaum, tí gbogbo Vienna mọ̀ fún ẹnu rẹ̀ tó mú, kú ní Dachau nínú oṣù Kìíní ọdún 1941. Otto Wallburg ti jagun fún Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní débi tí wọ́n fi oyè akọni dá a lọ́lá. Kurt Gerron ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá nínú eré Die Dreigroschenoper ní 1928. Max Ehrlich tiẹ̀ ti jáde, ó tún padà sí Berlin ní 1935, kó tó wá sá lọ sí Netherlands ní 1939. Netherlands ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà nígbà tí ogun ká wọn mọ́.

Ní àgọ́ Westerbork, níbi tí wọ́n ń kó àwọn Júù Netherlands jọ sí, ọ̀gá Násì tó wà níbẹ̀ fẹ́ràn eré. Ó ní kí Ehrlich kó àwọn òṣèré jọ, kí wọ́n máa dá èrò lára yá. Lọ́jọ́ Tuesday ni ọkọ̀ ojú irin sábà máa ń gbé ènìyàn kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi ikú. Wọ́n ń dẹ́rìn-ín pa àwọn tí orúkọ wọn lè jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, orúkọ tiwọn náà sì lè jáde. Wallburg, Gerron àti Ehrlich, Auschwitz ni wọ́n ti pa wọ́n, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1944.

Mi ò sọ èyí láti fi hàn pé Bois gbọ́n jù wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ ní 1933. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó dúró sítòsí èdè rẹ̀, èdè náà ló pa á, ẹni tó sì sá jìnnà sí i, ó yè, ṣùgbọ́n ó di odi.

Ní Amẹ́ríkà, Bois kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́kọ́ rí iṣẹ́ lórí ìtàgé Broadway. Láti 1937 ló bẹ̀rẹ̀ fíìmù ní Hollywood. Bí ilé iṣẹ́ fíìmù ibẹ̀ ṣe ń lo àwọn àjèjì kò le láti lóye: ẹnikẹ́ni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá dún bíi ti ọmọ ìlú, àwọn ipa kan náà ni wọ́n ń pín fún un. Agbáwo, aṣerun-lóge, ará Faransé tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, akọ̀wé hòtẹ́ẹ̀lì tí jìnnìjìnnì ń bá. Bois ṣe gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú mélòó kan nínú fíìmù wákàtí méjì, kó wọlé, kó pa èrò lẹ́rìn-ín, kó jáde. Nínú Hold Back the Dawn, ti 1941, ó wà lára àwọn ogúnléndé tó há sí ẹnubodè Mexico tí wọ́n ń retí físà Amẹ́ríkà. Billy Wilder, tóun náà sá kúrò ní Berlin tó sì ti dúró de físà ní Mexicali, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé irú ìdúró bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Èyí tí gbogbo ayé fi rí i ni Casablanca, tó jáde ní 1942. Jàgùdà ni wọ́n fi í ṣe níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, àwọn ọlọ́pàá ń kó àwọn ènìyàn láàárín ìgboro, tọkọtaya òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan jókòó níta ilé kafé, wọn ò mọ ohun tó ń lọ. Ni ọkùnrin kan tó múra dáadáa bá sún mọ́ wọn. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún wọn, ó sì kìlọ̀ fún ọkọ pé kó ṣọ́ra, torí igún ló kún ìlú yìí. Bó ṣe ń kìlọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọkùnrin náà, bí ẹni tó ń fi ìfẹ́ hàn. Nígbà tó lọ tán ni ọkọ bá fọwọ́ kan àpò rẹ̀, tó ní ó dà bíi pé òun gbàgbé pọ́ọ̀sì òun sí hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó yá, nínú ilé ìfàjì Rick, jàgùdà yìí kan náà ṣèèṣì kọlu Carl, ọ̀gá agbáwo, ó sì tọrọ àforíjì tìwàpẹ̀lẹ̀-tìwàpẹ̀lẹ̀. Carl kò sọ nǹkan kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpò ara rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. S. Z. Sakall ló ṣe Carl, Júù láti Budapest, aláwàdà tóun náà ti lókìkí nínú fíìmù Berlin kí àwọn Násì tó dé. Ìràwọ̀ Berlin méjì ló pàdé lójú kámẹ́rà yẹn, fún ìṣẹ́jú àáyá péré, wọn ò sì nílò Gẹ̀ẹ́sì láti pa ayé lẹ́rìn-ín. Orúkọ Bois wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n kọ sójú fíìmù náà.

Ogun parí ní 1945, ó sì ṣì wà ní Amẹ́ríkà. Max Ophuls, olùdarí tóun náà jẹ́ ogúnléndé láti Jámánì, fún un ní ipa tó sàn nínú Caught, ti 1949. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti ń yí padà. Bertolt Brecht, òǹkọ̀wé eré ará Jámánì tí Bois mọ̀ níbẹ̀, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington lóṣù Kẹwàá ọdún 1947, tí wọ́n bi í bóyá kọ́múníìsì ni, ó sì kúrò ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kejì. Ní 1950, Bois náà padà sí Berlin.

Ọ̀pọ̀ kò padà. Felix Bressart, òṣèré ogúnléndé bíi tirẹ̀, kú sí Los Angeles ní 1949, Sakall náà kú síbẹ̀ ní 1955. Pípadà gba ìgboyà tí àwọn ènìyàn kò sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ẹni tó ń bọ̀ yìí, èrò ìwòran tó fẹ́ pa lẹ́rìn-ín wà lára àwọn tó wo fíìmù Hippler. Ẹni ọdún 49 ni nígbà tó padà dé. Ó ti lo ọdún 17 lẹ́yìn odi, ọdún tí aláwàdà máa ń gbó dáadáa, tí ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ á ti bá ara wọn mu. Kò sẹ́ni tó lè dá ìyẹn padà fún un.

Apá ìlà-oòrùn ìlú náà ló kọ́kọ́ lọ. Ní 1952, ó ṣe Puntila fún ẹgbẹ́ òṣèré Brecht, Berliner Ensemble: olówó oko tó jẹ́ ènìyàn rere tó bá ti mu ọtí yó, tó sì di ìkookò tí ojú rẹ̀ bá dá. Lẹ́yìn náà ni Alberto Cavalcanti sọ eré náà di fíìmù, Bois yìí kan náà ló sì tún ṣe Puntila. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tó ṣe lẹ́yìn ogun nìyẹn, torí ara rẹ̀ àti èdè rẹ̀ tún pàdé. Ní 1954, ó rékọjá sí Berlin apá ìwọ̀-oòrùn. Láti ìgbà yẹn lọ, iṣẹ́ ń wá, tẹlifíṣọ̀n ń wá, àmọ́ òkìkí 1927 kò padà mọ́. Ìran tó mọ̀ ọ́n ti túká: àwọn kan ti kú, wọ́n ti pa àwọn kan, àwọn kan kò fẹ́ rántí.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni wọ́n tó padà yí ojú sí i. Ní 1981, ó ṣe baba arúgbó Júù kan nínú Das Boot ist voll, fíìmù Markus Imhoof nípa àwọn ogúnléndé tó sá wọ Switzerland nígbà ogun, tí ìjọba ibẹ̀ sì ń lé àwọn ènìyàn padà sọ́wọ́ ikú. Ní 1982, òṣèré méjì, Bruno Ganz àti Otto Sander, ṣe fíìmù nípa òun àti Bernhard Minetti. Mo rò pé ìyẹn yẹ ní àkíyèsí. Minetti dúró ní Jámánì, ó ń ṣeré lórí ìtàgé ìjọba ní gbogbo ìgbà tí àwọn Násì fi wà lórí oyè. Bois sì ń yọ pọ́ọ̀sì lápò ènìyàn ní Hollywood. Àwọn méjèèjì wá di àgbà òṣèré nínú fíìmù kan ṣoṣo.

Ní 1987, Wim Wenders gbé e sínú Der Himmel über Berlin, tí Ganz àti Sander jẹ́ áńgẹ́lì nínú rẹ̀. Baba arúgbó tí wọ́n pè ní Homer ni Bois. Ó ń rìn lórí ilẹ̀ gbígbòòrò tó kún fún koríko lẹ́bàá Ògiri Berlin, ó ń wá Potsdamer Platz, kò rí i. Ó ní ibí ló yẹ kí kafé Josti wà. Ó rántí bí àsíá ṣe dédé kún gbogbo ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ojú àwọn ènìyàn sì le. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga tìmùtìmù kan tí ẹnì kan gbé jù sáàárín pápá. Kì í ṣe ohun tó kọ́ sórí nìkan ló ń sọ níbẹ̀. Ó ti dàgbà tó láti rántí Potsdamer Platz nígbà tí ọkọ̀ àti ènìyàn ń há ara wọn mọ́ níbẹ̀.

Ní 1988, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn onífíìmù Yúróòpù ní ẹ̀bùn tiwọn, òun ló gba ti òṣèré alátìlẹ́yìn tó dára jù lọ. Ẹni ọdún 87 ni. Ó kú ní Berlin ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Àwọn tó fẹ́ mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí baba arúgbó ti 1987. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo adarí olórin ọmọ ọdún 18 nínú fíìmù Lubitsch, lẹ́yìn náà kí ẹ wo Puntila, kí ẹ tó wá jàgùdà inú Casablanca lọ.